Àl-Máùn: Ẹ̀tọ́ Ọ̀rẹ́ Lára Ẹni Tó Rí Ọjà Rà Lọ́pọ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ẹ̀dá, tí ó sì pín arísìkí wọn fún wọn, tí ó fi èyí tí ó jẹ́ ti ẹnì kan sí ọ̀nà ẹlòmíràn kí gbogbo wa lè mọ̀ pé a kò dá ara wa tó. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ àsọọ́lẹ̀ ìbẹ̀rù Ọlọ́hun fún ara mi àti fún ẹ̀yin.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí súrà kan tí kò sí ọmọ ilé-kéwú tí kò mọ̀ ọ́n. Súrà Al-Máùn ni, súrà 107 nínú Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé. Ẹsẹ méje péré ni. Nítorí pé ó kúrú, òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sáré kà bí a bá ń kánjú kírun. Bẹ́ẹ̀, ìkìlọ̀ ìyà tí ó wà ní ìparí rẹ̀ kì í ṣe fún olè tàbí ọ̀mùtí. Àwọn tí ń kírun ni ó ń bá wí. Ìwà mẹ́ta ni ó kà sí wọn lọ́rùn: wọ́n ń ṣe àìbìkítà sí irun wọn, wọ́n ń ṣe àṣehàn, wọ́n sì ń fi al-máùn du ènìyàn.

Kí ni al-máùn? Abdullāh ọmọ Mas'ūd, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, sọ pé ní ìgbà ayé Ànábì, ohun tí àwọn ń pè bẹ́ẹ̀ ni korobá ìfami àti ìkòkò ìdáná tí aládùúgbò ń yá ara wọn. Àwọn mìíràn fi àáké àti abẹ́rẹ́ kún un. Sayyidinā Ali àti ọmọ Umar sọ ní tiwọn pé sàká ni. Ikrimah, ẹni tí ó gba ìmọ̀ lọ́dọ̀ ọmọ Abbās, wá so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀: sàká ni orí al-máùn, asẹ́ àti korobá àti abẹ́rẹ́ sì ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àlàyé Ikrimah yìí ni ó tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ó fi hàn pé ọ̀nà kan náà ni, láti orí owó ńlá tí ó di dandan, títí dé orí abẹ́rẹ́ tí a máa ń gbàgbé láti dá padà.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Mushin tàbí ní Surulere mọ al-máùn kí ẹ tó mọ̀ ọ́n kà. Nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ìdílé mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ń lo ilé ìdáná kan, ọlọ kan ni gbogbo ilé fi ń lọ ata, odó kan ni wọ́n fi ń gún iyán ọdún Iléyá. Lónìí, àwọn ohun èlò náà ti yí padà. Okùn iná tí a nà láti ara jẹnẹrétọ̀ kí aládùúgbò lè fi gba iná sí fóònù rẹ̀, àkàbà tí a fi ń gun òrùlé nígbà tí òjò bá ń jò wọlé, omi ẹ̀rọ tí a gbẹ́ sínú ọgbà: korobá ọmọ Mas'ūd náà ni gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n korobá kan ṣì wà tí a kì í kà mọ́ wọn, èyí sì ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Òun ni ìmọ̀ ibi tí a ti lè rí ohun rere rà lọ́pọ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán, owó ọkọ̀ gbéra, ó sì gbé owó oúnjẹ dání lọ. Iye tí a ra nǹkan lọ́sẹ̀ tó kọjá kò di ohun tí a lè fi ṣírò ti ọ̀sẹ̀ yìí mọ́. Ẹni tí ó mọ̀ pé alátòmátì ní Máìlì 12 máa ń dín owó apẹ̀rẹ̀ tí ó bá kù sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, nítorí kò fẹ́ kí ó rà mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹni tí ó mọ̀ pé bí obìnrin mẹ́rin bá dáwó jọ, tí wọ́n lọ ra odindi àpò ìrẹsì kan ní Dalekó, tí wọ́n fi kọ́ńgò pín in, yóò pọ̀ fún wọn ju dẹ́ríkà méjì méjì tí oníkálukú ń rà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ó mọ̀ pé aṣọ òkìríkà ní Yábà máa ń wọ́n jù fún ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣà á nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bélì: gbogbo wọn ní ohun kan lọ́wọ́ tí aládùúgbò wọn kò ní. Kì í ṣe owó, ṣùgbọ́n ó lè di oúnjẹ alẹ́ fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ìbéèrè tí ó wá dìde ni pé, bí mo bá pa irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ sínú, ǹjẹ́ mo fi al-máùn du ènìyàn? Èmi ni mo rìn ín. Èmi ni mo fi oòrùn ná ọjà títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ta ni ó yá mi ní ẹsẹ̀? Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ahun nìkan ni ó lè béèrè bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè olóye ni, ó sì yẹ kí a fi ìtàn dá a lóhùn.

Nígbà tí àwọn Muhájírúnà dé Mẹ̀dínà láìmú ohunkóhun dání, Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn Ansáárù ní ọmọ ìyá. Abdur-Rahmān ọmọ Awf, tí ó ti jẹ́ oníṣòwò ní Mẹ́kà, bọ́ sọ́dọ̀ Sa'd ọmọ Rabī', ọlọ́rọ̀ kan nínú àwọn ará Mẹ̀dínà. Sa'd sọ fún un pé òun yóò dá dúkìá òun sí méjì, kí ó mú ìdajì. Abdur-Rahmān ṣe àdúà ìbùkún fún un lórí gbogbo ohun tí ó ní, kò sì gba nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣáà júwe ọjà fún òun. Wọ́n júwe ọjà Banū Qaynuqā' fún un. Ó lọ, ó rà, ó tà, ó sì mú wàrà gbígbẹ àti òrí wàrà wálé bí èrè. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Ànábì fi rí i pẹ̀lú àmì lọ́fínńdà pupa lára rẹ̀. Ó ti gbéyàwó, ó sì ti fi wúrà tí ó wúwo tó kóró dàbínù kan san sàdáàkì. Al-Bukhārī gba ìtàn náà wá.

Ohun méjì ni a fi lọ Abdur-Rahmān, ọ̀kan ni ó sì mú. Èyí tí ó kọ̀ ni ìdajì ọrọ̀ ọlọ́rọ̀. Èyí tí ó gbà ni ìjúwe ọ̀nà. Bí Sa'd bá ti fún un ní ìdajì dúkìá rẹ̀, ohun tí ó wà lọ́wọ́ Sa'd ì bá dín kù, ojú Abdur-Rahmān ì bá sì máa wo ilẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá pàdé. Ṣùgbọ́n wọ́n júwe ọjà fún un, kò sí ohun tí ó dín kù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹni tí ó gbà á sì gbé orí sókè rìn. Oore tí kì í tẹ́ ẹni tí a ṣe é fún kò wọ́pọ̀. A ti rí ọ̀pọ̀ nínú wa tí a lè fún ọ̀rẹ́ ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà níṣojú àwùjọ, ṣùgbọ́n tí a kò lè sọ fún un ní kọ̀rọ̀ ibi tí a ti ń ra epo pupa. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ìdí rẹ̀. Bóyá nítorí pé owó tí a fún un jẹ́ kí a máa ga jù ú lọ ni, tí ìmọ̀ ọjà sì lè mú kí ó bá wa dọ́gba.

Nígbà tí igi ni gbogbo wa fi ń dáná, ọmọdé a máa mú àpáàdì lọ bu ẹyin iná wá láti ilé kejì. Iná ilé kejì kì í torí bẹ́ẹ̀ kú. Hádíìsì kan tí Abū Dāwūd gbà wá ka iná mọ́ omi àti koríko, ó sì pe àwọn Mùsùlùmí ní alájọni nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìmọ̀ tí kì í tán bí a bá bù ú, ẹyin iná ni. Ànábì tún kọ̀ fún àwọn ará ìlú láti máa lọ pàdé àwọn ẹlẹ́rù lójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé ọjà, nítorí pé ẹni tí ó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn kò tíì mọ iye tí wọ́n ń ra nǹkan. Ẹ kíyè sí i pé èrè kọ́ ni ó kọ̀. Ohun tí ó kọ̀ ni èrè tí a gbé karí àìmọ̀ ẹlòmíràn.

Mo fẹ́ yọ àwọn ìyá wa tí ń tajà sọ́tọ̀ níhìn-ín. Ìyá aláta ní Ojúwoyè tí ó ní ibi pàtó tí ó ti ń gbé ata, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni ibẹ̀; kò di dandan kí ó júwe rẹ̀ fún ẹni tí yóò pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́la. Ọ̀rọ̀ àwa tí a ń rà fún jíjẹ àti lílò ni a ń sọ.

Bí ohun náà bá kéré ńkọ́? Àpò márùn-ún ni ó kù lọ́wọ́ olùtajà, ọ̀rẹ́ rẹ sì jẹ́ mẹ́wàá. Èyí kì í ṣe ẹyin iná mọ́, nítorí àpò ìrẹsì a máa tán. Ohun tí mo rí nínú òfin ẹ̀sìn ni pé kí o kọ́kọ́ ra ti ilé rẹ, nítorí àwọn tí o ń bọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ lára rẹ. Ra ìwọ̀n tí ilé rẹ nílò. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ìyà ń jẹ jù ni kí o pè, kì í ṣe ẹni tí yóò rántí rẹ nígbà ìnáwó. Bí o bá kó márààrún, tí o wá ń tà á fún ọ̀rẹ́ ní ọ̀wọ́n, tí o ń sọ pé nítorí rẹ̀ ni o ṣe kó o pamọ́, ìkójàpamọ́ ni ìyẹn, Ànábì sì pe ẹni tí ó bá ń ṣe é ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹni tí kò sì ní owó dẹ́ríkà kan pàápàá, ìròyìn pé ìrẹsì wálẹ̀ kò wúlò fún un, àfi kí a fà á mọ́ àwọn tí ń dáwó jọ, kí a san tirẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi rí owó oṣù gbà.

Àwọn kan tún wà tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ọ̀rẹ́ wọn bá ti ra nǹkan tán ni wọ́n máa ń rántí pé àwọn mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á ní ìdajì owó yẹn. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe máùn. Ẹ̀gún ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí èyí tí ó le jù, nítorí ibẹ̀ ni oore ti ń di ìwọ̀ ẹja. Ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládipọ̀, o ní o mọ ẹnì kan. O mú un lọ. Olùtajà ti fi iye kan lé owó ọjà fún ọ, ó sì fún ọ ní tìrẹ lẹ́yìn tí ọ̀rẹ́ rẹ ti lọ tán. Ǹjẹ́ owó náà tọ́ sí ọ? Owó alárinà kì í ṣe haráàmù. Al-Bukhārī kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ Sīrīn, Atā', Ibrāhīm àti Al-Hasan kò rí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ọmọ Abbās sì gbà pé kí ènìyàn fún ẹnì kan ní aṣọ tà, kí ó sọ pé ohunkóhun tí ó bá lé lórí iye báyìí, tìrẹ ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èyí, ẹni tí ó ni owó mọ̀, ó sì fara mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ rẹ kò mọ̀. Ó rò pé ìmọ̀ràn ni òun ń gbà, alárinà ni ó sì bá pàdé. Bí o bá fẹ́ gba owó iṣẹ́ rẹ, sọ ọ́ kí ẹ tó kúrò nílé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi iṣẹ́ náà jẹun ní hálálì.

Ànábì fún Urwah al-Bāriqī ní dínárì kan kí ó fi ra àgùntàn kan. Urwah dé ọjà, ó rí méjì rà ní dínárì kan náà, ó ta ọ̀kan ní dínárì kan, ó sì mú àgùntàn kan àti dínárì kan padà wá fún ẹni tí ó rán an. Kò sọ pé ọgbọ́n orí òun ni ó mú èrè wá. Ànábì ṣe àdúà ìbùkún sí òwò rẹ̀, a sì gbọ́ pé lẹ́yìn ìgbà náà, bí ó bá ra erùpẹ̀, yóò jèrè lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀dínwó tí o rí gbà lórí owó ẹni tí ó rán ọ níṣẹ́, ti ẹni tí ó ni owó ni. Èènì tí ìyá ẹlẹ́wà bù sí i, ti ẹni tí ó ni owó náà ni. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ni ọ̀rọ̀ èènì ti sọ ọmọ ọ̀dọ̀ di olè ní ẹnu ìyá àgbà, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ ọmọ náà ní òfin rẹ̀ rí.

Mo tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Rẹ̀.

Kùtùbá Kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ìròyìn rere tí a kò yẹ̀ wò lè pa ọ̀rẹ́ lára ju èyí tí a fi pamọ́ lọ. Gbogbo wa ni a wà nínú ẹgbẹ́ orí WhatsApp, ti ilé-kéwú àtijọ́, ti àdúgbò, ti àwọn tí a jọ lọ sí Hájì. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá dé pé ibi kan wà tí wọ́n ti ń pín nǹkan tàbí tí wọ́n ti ń tà á lọ́pọ̀, ọwọ́ wa á ti fi ránṣẹ́ kí ojú wa tó kà á tán. A ó wá fi kún un pé bí a ṣe rán an sí wa ni a ṣe rán an. Ẹni tí ó gbé ọbẹ̀ tí kò tọ́ wò síwájú àlejò kò lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gba ara rẹ̀ là. Hádíìsì tí Muslim gbà wá kọ́ wa pé kí ènìyàn máa sọ gbogbo ohun tí ó bá gbọ́ tó láti sọ ọ́ di òpùrọ́. Bákan náà ni fóònù tí a rí rà ní ìdajì owó ní kọ̀rọ̀ kan, láìsí páálí, láìsí rìsíìtì. Ẹni tí ó júwe ibẹ̀ fún ọ̀rẹ́ lè jẹ́ pé ẹrù olè ni ó júwe fún un.

MMM dé orílẹ̀-èdè yìí ní ìparí ọdún 2015, ó ní òun yóò máa san 30 náírà lé lórí 100 náírà kọ̀ọ̀kan lóṣù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, CBEX tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn, àjọ SEC tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìdókòwò sì sọ pé kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Kì í ṣe ìpolówó orí rédíò ni ó kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ inú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ló sọ fún àbúrò, ẹni tí a jọ ń kírun ló sọ fún ẹni tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní sáàfù. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó fi ọkàn mímọ́ sọ ọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń júwe ibi tí ìrẹsì gbé pọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà: ẹ̀bùn wà fún ẹni tí ó bá mú ẹlòmíràn wọlé, ọ̀pọ̀ àwọn tí a mú wọlé ni kò sì mọ̀.

Nítorí èyí ni a fi bi wá léèrè ní mọ́sálásí yìí pé, ẹni tí ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ irú òwò bẹ́ẹ̀, tí owó àwọn méjèèjì sì wọlẹ̀, ǹjẹ́ ó jẹ ọ̀rẹ́ náà ní gbèsè? Bí kò bá purọ́, tí kò sì fi ohun tí ó mọ̀ pamọ́, èmi kò rí i pé ó gbọ́dọ̀ san owó tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàdánù. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni onítọ̀hún fi gbé e kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí wọ́n fún un nítorí pé ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, inú owó àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n ti yọ ọ́, ó sì lè jẹ́ pé owó ọ̀rẹ́ rẹ̀ gan-an ni. Kò tọ́ sí i. Kí ó ṣírò rẹ̀, kí ó dá a padà fún ọ̀rẹ́ náà, kí ó sì sọ ibi tí ó ti wá fún un. Bí kò bá ní odindi rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Àwọn ààfáà mọ́sálásí yìí yóò jókòó lẹ́yìn irun fún ẹni tí ó bá nílò ẹlẹ́rìí.

Ẹ to sáàfù yín, kí ẹ gbé irun dìde.